Túndé Tí Kò Kọrin Yorùbá: Bí Ìró Ẹgbẹ́ TV on the Radio Ṣe Ń Yí Padà láti 2002 dé 2014

Ó ti mọ́ wa lára pé bí orúkọ Yorùbá bá ti yọ jáde níbikíbi lágbàáyé, ìbáà jẹ́ lẹ́yìn ẹ̀wù agbábọ́ọ̀lù tàbí ní ìparí fíìmù, a ó ti pariwo pé “ọmọ wa ni!” kí a tó béèrè iṣẹ́ tí onítọ̀hún ń ṣe. Orúkọ tó fa àròkọ yìí ni Túndé Adébímpé. (Àwa la fi àmì ohùn sí i o. Òun kì í fi sí i, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ní ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ tiwa, orúkọ tí kò ní àmì ohùn ń yún wa lójú.) Òun ni ọ̀kan nínú àwọn tó dá ẹgbẹ́ olórin TV on the Radio sílẹ̀ ní Brooklyn, ìlú New York, lọ́dún 2001. Nígbà tí a kọ́kọ́ gbọ́ pé Yorùbá kan ló ń darí ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì tí àwọn aláríwísí ilẹ̀ Amẹ́ríkà ń gbé gẹ̀gẹ̀, a sáré lọ gbọ́ wọn, a sì ń retí dùndún, tàbí ó kéré tán gbólóhùn kan tó máa jọ ti ilé.

Kò sí dùndún níbẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọrin, gìtá wọn sì ń han bí ẹ̀rọ ọlọ tí òkúta kó sí lẹ́nu. Àwọn kan nínú wa pa á tì lọ́jọ́ náà. Àwọn tó kù fetí sí i síwájú, ọ̀rọ̀ sì di àríyànjiyàn láàrin wa: kí ni ẹgbẹ́ yìí jẹ́ gan-an, báwo ni ìró wọn ṣe ti ibi tó wà ní 2002 dé ibi tó wà ní 2014, ṣé a sì lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé tiwa ni? Ìbéèrè kẹta yìí ló dá ìjà sílẹ̀ jù. A ó dé ibẹ̀.

Orúkọ ẹgbẹ́ náà kọ́kọ́ pa wá lẹ́rìn-ín. Bí a bá fẹ́ túmọ̀ rẹ̀ tààrà, a ó ní “Amóhùnmáwòrán lórí Asọ̀rọ̀mágbèsì.” Ẹ wo bí àwọn baba wa tó sọ rédíò lórúkọ ṣe ṣe é: ohun tó ń sọ̀rọ̀ tí kì í gba èsì. Ẹni tó bá gbé àwòrán lé orí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ó ń ṣe ohun tí kò ṣeé ṣe ni. Ọmọ tó bá ti gbọ́ àwo wọn àkọ́kọ́ á gbà pé orúkọ náà rò wọ́n.

Kí a tó wọ inú àwo, ẹ jẹ́ kí a sọ ẹni tí wọ́n jẹ́. Ọdún 1975 ni wọ́n bí Túndé ní St. Louis, ìpínlẹ̀ Missouri, ọmọ Nàìjíríà sì ni àwọn òbí rẹ̀. Dókítà àwọn tí ọpọlọ ń dà láàmú ni bàbá rẹ̀. Pittsburgh ló ti dàgbà, ṣùgbọ́n ó lo díẹ̀ nínú ìgbà èwe rẹ̀ ní Nàìjíríà. Fíìmù ló lọ kọ́ ní yunifásítì ní New York. Lẹ́yìn náà ló ń ṣe iṣẹ́ àwòrán tó ń rìn fún ètò Celebrity Deathmatch ti MTV, níbi tí wọ́n ti ń fi amọ̀ mọ àwọn gbajúmọ̀ tí wọ́n á sì jẹ́ kí wọ́n máa lu ara wọn pa. Ní 2001, ó ṣe olú ẹ̀dá-ìtàn nínú fíìmù Jump Tomorrow, tí Joel Hopkins darí: ọmọ Nàìjíríà onítìjú kan tí ẹbí ti bá fẹ́ ìyàwó sílẹ̀, tí ọkàn rẹ̀ sì lọ sí ibòmíràn. Ẹ fi fíìmù yẹn sọ́kàn, nítorí òun ló mú gìtá béèsì wọ inú ẹgbẹ́ náà.

Ẹnìkejì ni David Sitek, òyìnbó kan tó mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ dunjú. Òun ni púródúsà, ìyẹn ẹni tó máa ń pinnu bí ìró yóò ṣe rí kí àwo tó jáde. Àwọn méjèèjì jọ ń gbé ní àdúgbò Williamsburg nígbà tí owó ilé ibẹ̀ ṣì rọ̀, tí ayàwòrán, onífíìmù àti olórin sì kún inú àwọn ilé ìkẹ́rù àtijọ́. Láàrin àwọn alábàágbé wọ̀nyí ni ẹgbẹ́ Yeah Yeah Yeahs wà. Ẹgbẹ́ Antibalas náà wà nílùú Brooklyn kan náà. A ó padà sọ̀rọ̀ nípa wọn.

Ní 2002, Túndé àti Sitek gbé àwo kan jáde fúnra wọn, OK Calculator. Yẹ̀yẹ́ ni orúkọ yẹn fi ṣe ẹgbẹ́ Radiohead ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n gbé OK Computer jáde ní 1997. Bí tiwọn bá jẹ́ kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ ìṣirò lásán ni tiwa nìyẹn. Orin 18 ló wà nínú rẹ̀. Kò sí ilé-iṣẹ́ kankan tó ná owó lé e. Wọ́n dà á kọ sórí síídì, wọ́n sì ń fi í pamọ́ káàkiri New York, nínú ilé ìtàwé, nínú ilé kọfí, àní sáàrin tìmùtìmù àga, kí ẹni tó bá jókòó lè ṣalábàápàdé rẹ̀. Irú ìpolówó yìí tẹ́ wa lọ́rùn ju gbogbo ariwo orí íntánẹ́ẹ̀tì ìsinsìnyí lọ.

A kò ní tan yín: OK Calculator kò rọrùn-ún gbọ́. Ẹnu ni Túndé fi ń ṣe ìlù nínú àwọn orin kan. Ó máa ń gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀, á tún gba òmíràn lé e, títí ẹnìkan ṣoṣo á fi di akọrin mẹ́fà. Àwàdà wà níbẹ̀, àṣìkọ wà níbẹ̀, orin tí kò parí náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun méjì tí ẹgbẹ́ náà kò fi sílẹ̀ mọ́ títí ayé wọn ti wà nínú àwo yẹn: ohùn tí wọ́n tò jọ ní ìpele ìpele, àti ìró tí wọ́n gé kékeré tí wọ́n sì ń yí po láìdúró. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí odò ti ṣàn wá gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré.

Ní 2003, ilé-iṣẹ́ Touch and Go, tó jẹ́ aládàádúró, gbé àwo kékeré kan jáde fún wọn, Young Liars. (Aládàádúró ni ìtumọ̀ “indie” níbẹ̀rẹ̀: ẹni tí kò sí lábẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ orin ńláńlá. Nígbà tó yá ni ọ̀rọ̀ náà di orúkọ irú orin kan.) Orin mẹ́rin tí wọ́n kọ fúnra wọn ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú orin karùn-ún tí wọ́n yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ Pixies ti Boston, “Mr. Grieves.” Ibí ni a fẹ́ kí ẹ dúró sí pẹ̀lú wa díẹ̀. Orin gìtá ni “Mr. Grieves” nígbà tí Pixies kọ ọ́ ní 1989. Túndé yọ gbogbo gìtá dànù, ó yọ ìlù, ó sì fi ohùn ènìyàn lásán kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pẹ̀lú ohùn ìsàlẹ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ béèsì àti àwọn tó gun òkè tí ń dáhùn. Bí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ dúdú ṣe ń kọrin ní ìkóríta ìlú ńláńlá Amẹ́ríkà ní nǹkan bí 1950 sí 1960 nìyẹn, nígbà tí kò sí owó tí wọ́n fẹ́ fi ra ohun èlò.

Ọ̀kan lára wa takú pé Yorùbá ló wà nínú ohùn Túndé. Ó ní ẹ gbọ́ bó ṣe ń yọ́ láti orí ohùn kan bọ́ sí òmíràn, pé bí ẹni tó ń pe ọ̀rọ̀ olóhùn gígùn ni. Àlàyé náà dùn létí, ṣùgbọ́n a kò gbà á. Ẹni tó bá ń fi Yorùbá kọrin kì í ní òmìnira láti gbé ohùn síbi tó wù ú. Bí ó bá gbé e sódì, ọkọ́ lè di ọkọ, igbá sì lè di igba. Ohun tí Túndé ń ṣe jẹ́ ìdàkejì èyí: ó ń na ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni na rọ́bà, nítorí kò sí ìtumọ̀ kankan tí yóò já. Ẹ̀rí tó wà lọ́wọ́ wa tọ́ka sí ìkóríta ìlú Amẹ́ríkà àti sí ṣọ́ọ̀ṣì àwọn aláwọ̀ dúdú ibẹ̀ ju ilé bàbá rẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn Young Liars ni Kyp Malone dara pọ̀ mọ́ wọn, ìyípadà ńlá àkọ́kọ́ sì dé. Ọkùnrin onírùngbọ̀n kìjikìji ni Kyp, ṣùgbọ́n ohùn tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ tín-ínrín, ó sì ga ju ohùn Túndé lọ. Nínú orin tiwa, lílé máa ń ṣáájú, ègbè á sì dá a lóhùn. Ẹnìkan ń sọ̀rọ̀, ọ̀pọ̀ ń gbè é. Kyp àti Túndé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n jọ ń kọ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ kò ní mọ ẹni tó jẹ́ olórí. Ohùn méjèèjì yìí la fi ń dá ẹgbẹ́ náà mọ̀ kódà bí a bá gbọ́ wọn láti yàrá kejì.

Àwo ńlá wọn àkọ́kọ́ lábẹ́ ilé-iṣẹ́ ni Desperate Youth, Blood Thirsty Babes, tó jáde ní March 2004. Ẹ̀rọ ìlù ló ń lu ìlù nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ orin ibẹ̀, béèsì wọn sì nípọn, ó rí gbágungbàgun létí. Orin tó ṣí i, “The Wrong Way,” fi fèrè bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì jẹ́ nípa àwòrán tí wọ́n máa ń fẹ́ kí aláwọ̀ dúdú gbé wọ̀ kí ayé tó lè rí i. “Ambulance” tún jẹ́ orin ohùn lásán. “Bomb Yourself” ń bá ogun wí. Ẹ rántí pé ọdún kan ṣáájú ni Amẹ́ríkà wọ Ìráàkì. Àwo yìí gba ẹ̀bùn Shortlist Music Prize ti 2004. Tí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ wa, àárín rẹ̀ fà díẹ̀, ó sì dà bíi pé orin kan náà ni wọ́n ń kọ lẹ́ẹ̀mẹta. Síbẹ̀, kò sí ẹgbẹ́ mìíràn tó ń dún bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn.

Ó yẹ kí a sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi mú ìyàlẹ́nu wá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, New York kún fún ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì tuntun, The Strokes, Interpol àti àwọn mìíràn, aláwọ̀ funfun sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Nígbà tí TV on the Radio pé márùn-ún, mẹ́rin nínú wọn jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Àwọn akọ̀ròyìn kò yé béèrè bó ṣe jẹ́, bí ẹni pé ilé onílé ni wọ́n wọ̀. Bẹ́ẹ̀ aláwọ̀ dúdú ló dá rọ́ọ̀kì sílẹ̀: Sister Rosetta Tharpe, Chuck Berry, Little Richard. Kí a má sì rò pé àjèjì pátápátá ni rọ́ọ̀kì jẹ́ nílẹ̀ tiwa. Ní 1973 ni ẹgbẹ́ BLO ti Èkó gbé Chapter One jáde, ẹni mẹ́ta péré, gìtá wọn sì ń ké bí ti Jimi Hendrix. Láàrin àkókò kan náà ni àwọn ọmọ ilé-ìwé girama St. Gregory’s ní Ọbáléndé dá Ofege sílẹ̀, tí wọ́n sì gba Try and Love sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì ń wọ aṣọ ilé-ìwé. Ó wù wá kí ẹnìkan kọ àròkọ tiwọn náà síbí.

Àwọn méjì tó kù, Jaleel Bunton ló ń lu ìlù, Gerard Smith ló sì ń ta béèsì. Ìtàn bí Gerard ṣe wọlé ló dùn jù. Ó máa ń ta gìtá fún èrò ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, àwọn èèyàn á sì ju owó sílẹ̀ fún un. Túndé máa ń dúró wò ó. Gerard ti wo Jump Tomorrow, ó sì dá ojú Túndé mọ̀ láti inú fíìmù náà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Pẹ̀lú ẹni márùn-ún yìí ni wọ́n ṣe Return to Cookie Mountain, tó jáde ní 2006, lọ́wọ́ 4AD ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti lọ́wọ́ Interscope ní Amẹ́ríkà. Interscope kì í ṣe aládàádúró rárá. Ilé-iṣẹ́ ńlá ni. Ẹ̀rù máa ń ba àwọn olólùfẹ́ irú ẹgbẹ́ báyìí pé owó ńlá á sọ ìró di mẹ́múmẹ́mú. Òdì rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀. Àwo tó ṣókùnkùn jù, tó sì kún jù nínú gbogbo iṣẹ́ wọn nìyẹn. Orin àkọ́kọ́, “I Was a Lover,” bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìró fèrè tí wọ́n gé tí ó ń kólòlò, bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tí ọ̀rọ̀ ń há a lọ́fun. “A Method” kò ní ju súfèé, àtẹ́wọ́, ohùn àti ìlù lọ. “Wolf Like Me” ló sáré jù. Ènìyàn tó ń di ìkookò lóru ni orin náà ń sọ, ìlù Bunton kò sì jẹ́ kí ara balẹ̀. Níhìn-ín la ti gbọ́ ìyàtọ̀ tó wà láàrin ẹ̀rọ ìlù àti ọwọ́ ènìyàn: ẹ̀rọ kì í rẹ̀, nítorí náà kò lè jẹ́ kí a mọ̀ pé agbára ń tán lọ. Bunton ń jẹ́ kí a mọ̀.

David Bowie kọ ègbè nínú “Province” lórí àwo yìí. Àgbà olórin tó ti ń kọrin láti àwọn ọdún 1960, tó lè pe ẹnikẹ́ni tó bá wù ú, wá dúró lẹ́yìn Túndé àti Kyp, ó sì rọra ń gbè wọ́n. Bí a kò bá sọ fún yín, ẹ lè má mọ̀ pé òun ni. A fẹ́ràn èyí gan-an. Ìwé ìròyìn Spin pe àwo náà ní àwo tó dára jù lọ́dún 2006.

Dear Science ló kàn, ní September 2008. Ìwé kékeré kan tí Sitek kọ sí sáyẹ́ǹsì, tó lẹ̀ mọ́ ògiri situdíò, tó fi bẹ̀ ẹ́ pé kó yanjú ìṣòro aráyé, ló fún àwo náà lórúkọ. Ìdí nìyẹn tí àmì ìdánudúró díẹ̀ fi máa ń wà lẹ́yìn rẹ̀ bí wọ́n bá kọ ọ́ tán, bí ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́tà. Ìgbà tó jáde náà ṣe pàtàkì: ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí báńkì Lehman Brothers dojú dé, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí wọ́n tó dìbò yan Obama. Ìbẹ̀rù àti ìrètí wà nínú afẹ́fẹ́ pọ̀, orin náà sì gbé méjèèjì.

Ohun tó yí padà níbí ni pé Sitek nu eruku kúrò lára ìró. Ohun tó jẹ́ pé ariwo bò tẹ́lẹ̀ wá hàn gbangba. Ẹ lè gbọ́ ọ̀rọ̀. Ẹ sì lè jó. “Crying” ní gìtá tín-ínrín tó ránni létí Prince. Nínú “Dancing Choose,” Túndé ń da ọ̀rọ̀ sílẹ̀ kíákíá bí ẹni tó ń sun ìjálá tí ẹranko sì ti fẹ́ sá lọ. Nínú “Golden Age,” Kyp ń kọrin ìrètí láìtijú. “DLZ,” tó jẹ́ ìbínú tó ń gbóná díẹ̀díẹ̀, ni àwọn tó ṣe Breaking Bad fi parí ọ̀kan nínú ìṣẹ̀lẹ̀ eré wọn ní 2009, ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò mọ ẹgbẹ́ náà rí sì ti ibẹ̀ mọ̀ wọ́n. Rolling Stone, The Guardian àti Spin ló fi àwo yìí ṣe àkọ́kọ́ nínú àwo ọdún 2008.

Ṣùgbọ́n “Red Dress” ni orin tó mú wa dìde jókòó. Ẹ gbọ́ gìtá rẹ̀: gbólóhùn kúkúrú kan tó ń yí po láìsinmi. Ẹ gbọ́ fèrè: wọ́n ń dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, pọ́ńkán, wọ́n á sì dákẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbọ́ Fẹlá mọ irú ìjíròrò yẹn. Afrobeat ni, tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tàbí àbúrò rẹ̀. “Wàyí o!” la wí. “Ẹ̀jẹ̀ Yorùbá ti jáde!”

Ẹ̀jẹ̀ kọ́. A lọ wo orúkọ àwọn tó fun fèrè, ọmọ ẹgbẹ́ Antibalas ni wọ́n. Martín Perna ló dá Antibalas sílẹ̀ ní Brooklyn ní 1998, lẹ́yìn ikú Fẹlá ní 1997. Ọmọ Amẹ́ríkà láti oríṣiríṣi ìran ló kún inú rẹ̀, pẹ̀lú Amayo, akọrin wọn, tí òun ní tirẹ̀ ti Èkó wá. Inú àwo ni wọ́n ti kọ́ Afrobeat, bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń kọ́ èdè: ohun tí ìlù Tony Allen ń ṣe, ohun tí gìtá kejì ń ṣe, ìgbà tí fèrè gbọ́dọ̀ dákẹ́. Wọ́n mọ̀ ọ́n débi pé àwọn ni wọ́n gbé orin eré Fela! lé lọ́wọ́ nígbà tó dé Broadway ní 2009. Èyí ni pé ọ̀nà tí ìró Èkó gbà wọ inú àwo Túndé Adébímpé kò gba ilé bàbá rẹ̀ kọjá. Ọ̀dọ̀ aládùúgbò ló gbà wá, láti ọwọ́ àwọn tí wọ́n jókòó tí wọ́n sì kọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí a ń kọ́ èdè Yorùbá ní yunifásítì gbọ̀ngbọ̀n. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe máa ń bi wá pé kí la ń kọ́, ṣé a kò bí wa sí i ni? Nínú kíláàsì wa gan-an, a rí ẹni tó ní orúkọ mẹ́rin tí kò lè ki oríkì ilé rẹ̀ dé ìlà kẹta. Bí ẹgbẹ́ aláwọ̀ oríṣiríṣi ní Brooklyn bá lè jókòó ti àwo Fẹlá títí wọ́n fi mọ̀ ọ́n ju ọmọ Abẹ́òkúta lọ, kí ni orúkọ nìkan fẹ́ ṣe fún wa? Àwọn kan nínú wa kò fẹ́ gbọ́ èyí. Wọ́n ní bí Túndé kò bá jẹ́ Túndé, kò ní ké sí àwọn onífèrè wọ̀nyẹn. A kò lè fi ẹ̀rí gbe èyí lẹ́sẹ̀, nítorí Sitek ló ń to ìró, àdúgbò kan náà ni gbogbo wọn sì ti wá. Ibẹ̀ la fi àríyànjiyàn náà sí, a kò sì tíì gbé e kúrò.

Lẹ́yìn ìrìn-àjò Dear Science, ó rẹ̀ wọ́n. Wọ́n kéde ìsinmi. Kyp gbé àwo tirẹ̀ jáde ní 2009 lábẹ́ orúkọ Rain Machine; Sitek ṣe tirẹ̀ ní 2010, Maximum Balloon. Sitek ti kó lọ sí Los Angeles, ibẹ̀ ni gbogbo wọn sì lọ bá a láti ṣe Nine Types of Light, tó jáde ní April 2011. Oòrùn ìlú náà wọ inú orin. Àwo orin ìfẹ́ ni, ó rọra ń lọ, kódà bánjò wà nínú “Killer Crane.” Wọ́n ya fíìmù kan tó bá gbogbo orin inú rẹ̀ lọ, Túndé sì wà lára àwọn tó darí rẹ̀. Àwọn kan sọ pé ẹgbẹ́ náà ti rọ̀ jù. Lójú tiwa, “Will Do” wà lára orin márùn-ún tó dára jù tí wọ́n kọ, nítorí kò sí ibi tí wọ́n lè sá pamọ́ sí nínú rẹ̀. Kò sí ariwo, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tó wúwo lásán ló wà níbẹ̀.

Gerard Smith kò bá wọn jáde lọ kọ ọ́ fún àwọn èèyàn. Àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ti mú un. Ó kú ní April 20, 2011, kò tíì pé ọjọ́ mẹ́wàá tí àwo náà dé ọjà. Ọmọ ọdún 36 ni. Ẹni tó bá tún padà gbọ́ Nine Types of Light lẹ́yìn tó mọ èyí kò ní lè gbọ́ béèsì inú rẹ̀ bó ṣe gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀. Kí a sọ òótọ́, a kò mọ̀ pé béèsì ló ń di àwọn orin wọ̀nyẹn mú títí a fi gbọ́ àwo tó tẹ̀lé e.

Ọdún mẹ́ta àbọ̀ kọjá kí Seeds tó jáde, November 2014, lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ Harvest. Àwọn mẹ́rin ló kù. Ìró rẹ̀ mọ́ tónítóní, àwọn orin náà kúrú, wọ́n sì tètè ń mọ́ni lórí. “Happy Idiot” lè kọjá lórí rédíò èyíkéyìí láìsí ẹni tó máa yíjú. Lórí àwo yìí, àwa tí a ń kọ èyí kò fẹnu kò. Ìlàjì wa ní ẹgbẹ́ náà ti sú ara wọn, pé wọ́n ń wá owó. Ìlàjì kejì ní kí a fetí sí “Trouble” dáadáa: ọkùnrin kan tó ń tu ara rẹ̀ nínú pé gbogbo nǹkan á dára, tí ohùn rẹ̀ sì ń jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé òun fúnra rẹ̀ kò gbà á gbọ́. Ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ máa ń tún ilé ṣe. Ó ń gbálẹ̀, ó ń nu tábìlì tí kò dọ̀tí. Bóyá báyìí ni ìró Seeds ṣe mọ́ tó.

Láti ìgbà náà, wọn kò gbé àwo tuntun jáde. Túndé padà sí fíìmù; ẹ lè rí i bí olùkọ́ nínú Spider-Man: Homecoming ti 2017, àti nínú Twisters ti 2024. Ní ìparí 2024, nígbà tí Desperate Youth, Blood Thirsty Babes pé ogún ọdún, wọ́n tún un gbé jáde, wọ́n sì gun orí ìtàgé ní New York, Los Angeles àti London. Sitek kò bá wọn lọ. Ní April 2025, Túndé gbé àwo tirẹ̀ àkọ́kọ́ jáde lọ́wọ́ Sub Pop, Thee Black Boltz. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ti kú lójijì nígbà tó ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, orin kan sì wà níbẹ̀, “ILY,” tó kọ fún un. Gìtá jẹ́ẹ́jẹ́ ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ohùn rẹ̀ tó sún mọ́ máíkì. Ọkùnrin tó fi ohùn mẹ́fà bẹ̀rẹ̀ ní yàrá rẹ̀ ní 2002 kò fi ohùn pọ̀ nínú orin yìí.